Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tó ń fi èèpo fọ omi aró

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin ọmọ iléèwé tó ń ṣe máásítà lọ́wọ́ ní ẹ̀ka kẹ́mísírì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ní Abẹ́òkúta wa níbí náà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsí iná, ẹ kú ìrọ́jú owó oṣù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọmọ tó gbọ́n á wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì kó tó sọ tẹnu ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan nínú yín, gbogbo yín ló kàn, ó sì kan àwa tí à ń pa aṣọ láró.

Ọmọ aláró ni mí. Ìyá mi ń ṣe àdìrẹ, ìyá tó bí wọn náà ṣe é, lẹ́yìn Ìtòkú níbí la ti ń ṣe é títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Èmi wá lọ sí pólì, mo kọ́ iṣẹ́ láàbù, ìyẹn ni mo fi lè ka pépà yín, mo sì ń kà wọ́n gan-an ni. Ẹ ti fi èèpo èkùrọ́ fa àwọ̀ nínú omi, ẹ ti fi èèpo àgbọn fà á, èèpo ẹ̀pà, èèpo pákí, èèpo ọsàn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo kòkó, kùkù àgbàdo, pòròpórò, ìyẹ̀ pákó láti sọ́míìlì. Kí n má parọ́, gbogbo ohun tí ewúrẹ́ lè fẹnu kàn lẹ ti fi ṣe ìwádìí. Gbogbo ẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́! Gbogbo ẹ̀ ló ń yọ nǹkan tó lé ní ìdá 90 nínú 100, ìparí ọ̀rọ̀ sì ni pé ó pọ́kú, ó wà nítòsí, wọ́n lè lò ó fún omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ wo? Mo ń rìn kiri àdúgbò wa, mi ò tíì rí dúrọ́ọ̀mù kan tí èèpo yín wà nínú ẹ̀.

Mo gbà pé nǹkan gidi ni o. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Tí wọ́n bá jó èèpo líle bíi ti àgbọn tàbí èkùrọ́ níbi tí atẹ́gùn ò ti tó, tí wọ́n wá fi ooru omi tàbí kẹ́míkà ṣí inú ẹ̀, èédú náà á di oníhò wínníwínní tí ojú ò lè rí, ohun tí wọ́n ń pè ní activated carbon nìyẹn. Ara ògiri àwọn ihò yẹn ni àwọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́. Gíráàmù kan ṣoṣo tó bá dáa, tí wọ́n bá lè tẹ́ inú ẹ̀ sílẹ̀, á tó 1,000 square meter, ìyẹn ju plot ilẹ̀ kan lọ dáadáa. Kì í ṣe ohun tuntun rárá, ní 1918 lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, Amẹ́ríkà ń bẹ àwọn ará ìlú kí wọ́n kó kóró èso peach àti èèpo oríṣiríṣi nut jọ, torí èédú tí wọ́n máa kó sínú ìbòjú tó ń dènà gáàsì olóró. Títí dòní, èèpo àgbọn láti Sri Lanka, India àti Philippines ló ń di èédú tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, àwọn tó ń ṣe píọ́ wọ́tà ládùúgbò wa náà ní irú èédú bẹ́ẹ̀ nínú fílítà wọn. Torí náà mi ò bá yín jiyàn lórí bóyá èèpo lè fọ omi. Ó lè fọ̀ ọ́.

Ibi tí ìjà wa wà ni omi tí ẹ ń fọ̀. Ẹ máa ra methylene blue, àwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò ní láàbù, nínú ìgò, ẹ máa pò ó mọ́ distilled water, ẹ máa da èédú sí i, ẹ máa mì í, ẹ máa fi ẹ̀rọ wo àwọ̀ tó kù, ẹ máa ya ìlà Langmuir àti ti Freundlich, ìyẹn ìlà tó ń fi bí èédú ṣe ń mú àwọ̀ tó hàn, ẹ wo èyí tó bá a mu jù, ó tán, pépà ti délẹ̀. Ìlà Langmuir yẹn ti wà láti 1918 náà. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, methylene blue rọrùn láti wọ̀n, gbogbo ayé ló ń lò ó kí wọ́n lè fi èédú kan wé ìkejì, kò burú kéèyàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ kò sí aláró kan ní Ìtòkú tó ń fi methylene blue rẹ aṣọ.

Ohun tí à ń lò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: aró òyìnbó tí wọ́n ṣe ní fáktírì, kọ́sítíìkì (caustic soda), àti háídírọ́ọ̀sì (sodium hydrosulphite). Aró yìí fúnra ẹ̀ kì í yọ́ nínú omi, kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì ló ń fipá mú un yọ́ kó lè wọ inú aṣọ, tí a bá wá fa aṣọ jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, àwọ̀ á yí padà lójú wa báyìí, á padà di ohun tí kì í yọ́, ìdí tí kì í fi í ṣí nìyẹn. Ṣé ẹ rí i, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ṣẹ́kù nínú báfù. Tí wọ́n bá fi omi yẹn sílẹ̀ sínú nǹkan tó fẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n ń rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, háídírọ́ọ̀sì á kú, aró á di ìyẹ̀ wẹ́wẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ á sìlẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi èédú kankan sí i. Methylene blue kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó yọ́ tán pátápátá, ó sì ń sáré lẹ̀ mọ́ èèpo torí iná ara àwọn méjèèjì ń fara wọn mọ́ra. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Nọ́ḿbà tí ẹ bá rí lára ọ̀kan ò lè sọ bí ìkejì ṣe máa rí, tí ẹ bá sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù wa fún ìrọ̀lẹ́ kan péré ẹ ti máa rí i pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti èédú, atẹ́gùn àti sùúrù ló máa ṣe é, èédú á wá mú èyí tó kù.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù, tó jẹ́ pé torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí, ni kọ́sítíìkì. Omi tó ń jáde nínú báfù, tí ẹ bá ki páálí pH bọ̀ ọ́ (pH ni òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe le bíi kọ́sítíìkì, omi lásán wà ní nǹkan bí 7), 12 ni, ó ń lọ sí 13. Òfin NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ní kí omi tí ilé iṣẹ́ máa tú síta wà láàárín 6 sí 9. Èédú yín ò sì ní nǹkan kan tó lè fi kọ́sítíìkì ṣe, á fa àwọ̀, kọ́sítíìkì á gba àárín ẹ̀ kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Lónìí, omi aró dúdú, ó ń rùn, ọmọdé rí i ó yà fún un, àgbà rí i ó gbé ìró ẹ̀ sókè, kódà adìẹ kì í mu ún. Àwọ̀ yẹn ń kìlọ̀ fún èèyàn. Ẹ wá fa àwọ̀ kúrò ní ìdá 98, omi mọ́ lóló bíi ti inú náílọ̀n píọ́ wọ́tà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú pépà, ìgò dúdú lápá òsì, ìgò funfun lápá ọ̀tún, àmọ́ kọ́sítíìkì tó lè bó awọ èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀ kámúkámú. Ta ló máa wá kìlọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ fi fọwọ́? Lójú tèmi o, omi aró tí wọ́n fa àwọ̀ ẹ̀ tí wọn ò pa kọ́sítíìkì inú ẹ̀ léwu ju èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ.

Ibi tí omi yẹn sì ń lọ, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Gọ́tà, láti gọ́tà ó di ìṣàn kékeré, ìṣàn á gbé e dé Odò Ògùn, omi yẹn kan náà ni wọ́n ń fà ní Akúte lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù àti Adíyàn fún àwọn ará Èkó. Òótọ́ ni pé odò tóbi, ó ń bomi là á, ṣùgbọ́n kànga ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ò tóbi.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ìjọba ṣáà fòfin de kọ́sítíìkì. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn oníbàárà ń ké pé àdìrẹ Abẹ́òkúta ò dára mọ́, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, àwọn ìyá aláró fárígá, ní 1936 ọ̀rọ̀ le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kọ́sítíìkì ṣì wà lọ́jà lónìí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n sínú náílọ̀n tà. Obìnrin tó ń fi aró san owó iléèwé ọmọ, tí aró èlú ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ kó tó pọ́n, tí kọ́sítíìkì sì ń bá a parí ẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, kò sí òfin tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí àwọn ìyá wa mọ̀ tó yẹ kó dùn mọ́ yín nínú. Kí kọ́sítíìkì tó dé, eérú ni wọ́n fi ń ṣe omi aró. Ìkòkò méjì, èyí òkè ní ihò nídìí, wọ́n á kó eérú kún inú ẹ̀, wọ́n á da omi lé e, omi á máa kán tó, tó, tó sínú èyí ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní column nìyẹn jàre! Ẹ yọ eérú kúrò, ẹ kó èédú èkùrọ́ sí i, àwọn ìyá tó ti lé ní 70 ọdún máa bá yín tún un ṣe, wọ́n á sọ fún yín bí omi ṣe yẹ kó rọra kán, wọ́n á sọ fún yín ìgbà tó ti di. Ẹ̀rọ tí ẹ ń wá owó ẹ̀ kiri, amọ̀kòkò lè mọ ọ́n.

Ó ku kọ́sítíìkì. Ásíìdì ló máa pa á, kò sí ọgbọ́n méjì, a ò sì ní owó ásíìdì inú ìgò, a ò tiẹ̀ fẹ́ kí ásíìdì inú ìgò wà nínú kọ́ńpáàǹdù tí ọmọdé ti ń sáré. Ibí yìí gan-an ló yẹ kí ọpọlọ yín ṣiṣẹ́ fún wa. Omi tí wọ́n ń fún jáde lára pákí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó kan, ásíìdì ni, ìdọ̀tí lòun náà, òun náà ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ṣé a lè fi ìdọ̀tí kan pa ìdọ̀tí kejì? Báwo ló ṣe máa pọ̀ tó fún báfù kan, torí ásíìdì inú ẹ̀ ò lágbára púpọ̀? Májèlé sáyánáìdì tó wà nínú pákí wá ńkọ́, ṣé kò ní jẹ́ pé a bọ́ lọ́wọ́ ekòló a kó sọ́wọ́ ejò? Omíkan ògì ńkọ́? Àwọn fáktírì aṣọ ńlá nílẹ̀ òkèèrè, àwọn kan nínú wọn máa ń fẹ́ èéfín bọ́ílà wọn gba inú omi kọ́sítíìkì kọjá, gáàsì carbon dioxide tó wà nínú èéfín á rọ agbára ẹ̀ wálẹ̀. Àwa náà ń dáná igi ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń yọ́ kándùlù tí a fi ń ya bátànì sára aṣọ. Ẹ kàn bá wa ṣe é kẹ́ ẹ sọ fún wa bóyá ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe. Tí pH ò bá tíì wálẹ̀, álọ́ọ̀mù pàápàá ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, yíyọ́ ló máa yọ́ dànù. Mòríńgà náà tí wọ́n ń fi kóró ẹ̀ mú omi tòrò ní Sudan, ẹ bá wa dán an wò nínú omi tí pH ẹ̀ ti wálẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ọ̀rọ̀ "ó pọ́kú" yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èèpo pákí kì í ṣe ìdọ̀tí lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ ewúrẹ́ ni, wọ́n ń sá a, wọ́n ń rà á. Èèpo èkùrọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi dáná, àwọn kan ń kó o lọ sókè òkun. Ká wá ní omi aró kan ní 200 milligram àwọ̀ nínú lítà kan, ká ní èédú yín ń mú 50 milligram fún gíráàmù kan nínú omi gidi, gíráàmù 4 nìyẹn fún lítà kan, dúrọ́ọ̀mù 200 lítà á jẹ 800 gíráàmù. Dúrọ́ọ̀mù kan o! Kọ́ńpáàǹdù kan lè da ju ìyẹn nù lọ́sàn-án kan. Èédú yẹn wá, ẹ̀ẹ́ fi phosphoric acid rẹ ẹ́, ẹ ẹ́ jó o ní dìgírì 500, ẹ ẹ́ fi omi ṣàn án léraléra títí ásíìdì á fi tán lára ẹ̀, omi tí ẹ fi ṣàn án yẹn ńkọ́, ibo lẹ dà á sí? Mi ò rí i kà rí nínú pépà kankan. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣe é ní dìgírì 900 ni, ẹ sọ ẹni tó máa kọ́ ọ àti iye tó máa jẹ́, bóyá ó máa sàn kí ẹgbẹ́ aláró dá owó jọ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán.

Àwọn kan nínú yín ò tiẹ̀ jó èèpo, wọ́n kàn máa ń sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sómi. Fún òjé àti kọ́pà, mo gbà, ìyẹn lè dáa, ní 2011 àwọn kan ní Brazil fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n lọ̀ yọ kọ́pà àti òjé nínú omi odò gidi. Fún omi aró, èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ da èèpo gbígbẹ sínú kọ́sítíìkì kẹ́ ẹ wo nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, omi á pọ́n bíi ti àgbo, èèpo náà á máa yọ́, wàhálà á di méjì.

Èédú tó bá ti yó ńkọ́? Àwọ̀ ò kú, ó kàn kó kúrò nínú omi lọ sínú èédú ni. Tí ìyá mi bá kó o dà sẹ́yìn ilé, òjò á rọ̀, a tún padà síbi tí a wà. Ṣé a lè pò ó mọ́ búlọ́ọ̀kù? Ṣé a lè jó o, irú èéfín wo ló máa jáde lára ẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ ọ́ níparí pépà pé ó kù kí ẹlòmíràn ṣe ìwádìí lórí ìyẹn. Ẹ̀yin gan-an ni ẹlòmíràn náà o, ẹ jọ̀ọ́.

Kí n tó dákẹ́, kí n má ṣe àbòsí. Àwọn kan nínú yín ti wá sọ́dọ̀ wa rí, wọ́n wá bọmi sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n kí àwọn ìyá dáadáa, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ohun tó jáde ni pé omi wa ti kọjá ààlà. A dúpẹ́, a ti mọ̀. Láti ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá gbé kẹ́ẹ̀gì wọ àdúgbò, àwọn aláró máa ń rò pé ìjọba ló rán an wá kó wá ti ilé iṣẹ́ wọn pa, wọ́n á ní àwọn ò rẹ aró lónìí. Torí náà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má kọ́kọ́ yọ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ kọ́kọ́ bá ìyálájé àdúgbò sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní Yorùbá, ẹ sọ ohun tó máa jẹ́ tiwọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà wá sọ èsì fún wọn, kódà tó bá jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Fóònù wọn gba fọ́ìsì nóòtì lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó, wọn ò nílò Langmuir.

Kọ́ńpáàǹdù tiwa, mo ti bá àwọn ìyá sọ ọ́, wọ́n gbà. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta wà nílẹ̀ tí a lè tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan fún atẹ́gùn àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ọ̀kan fún pípa kọ́sítíìkì, ọ̀kan fún èédú. Èédú nìkan lẹ máa gbé wá, àti mítà pH tó ń ṣiṣẹ́, torí páálí yẹn kì í pẹ́ tán. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, pàápàá tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́jọdá ń pè, ẹ wá ní àárọ̀ kí báfù tó tutù, ẹ mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgúnpá dání, ẹ má sì wọ funfun.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ aláró kan, Ìtòkú, Abẹ́òkúta